Ẹ̀rọ Tó Ń Pe Ọ̀gá Mi Ní Òpùrọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi. Èmi Mùfútáù, tí wọ́n ń pè ní Mùfú Onígẹ́ẹ̀mù ní Peckham níbí, ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Láti Rye Lane títí dé Sydenham, bí ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù bá kú, orúkọ mi ni wọ́n ń dá. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì kà á dójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ẹ ń wò yìí ti jí òkú ẹ̀rọ tí àwọn tó ṣe é gan-an ní kí wọ́n lọ sin. Ojú ló ní kí n sinmi. Dókítà ní kí n yé wo ohun tó kéré bí ẹyin iná orí, ni mo bá gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó pé ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ní adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Èmi mọ ara mi lágbà o, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ tèmi báyìí.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo dé ìlú yìí ní géńdé, mo ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan níbẹ̀ mú mi lọ bá Ọ̀gá Ràṣídì, wọ́n wo ọwọ́ mi síwá-sẹ́yìn, wọ́n ní, "Máa bọ̀ lọ́la." Ẹ má bèèrè owó tí wọ́n ń san. Mo jẹun, mo rí bàtà wọ̀, ó parí.

Abẹ́ afárá rélùwéè lẹ́yìn Rye Lane ni ilé iṣẹ́ wa wà. Bí rélùwéè bá ń kọjá lórí wa, a ó fọwọ́ di irinṣẹ́ mú kó má baà jó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ńláńlá tó dúró bí kọ́bọ́ọ̀dù, tí àwọn ọmọdé ń ju owó ẹyọ sí lẹ́nu kí wọ́n tó gbá gẹ́ẹ̀mù, ni à ń tún ṣe. Wọ́n kún ilé ẹja díndín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Òyìnbó kan ní Bermondsey bẹ̀ wọ́n títí, ó ní wáyà kan ṣoṣo ló já. Ọ̀gá mi ní, "Wáyà ò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó ń gbé iná fún ni n kò bá ṣọ̀rẹ́." Owó ò sí nílé rárá nígbà náà o, síbẹ̀ wọn ò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe le tó. Ọ̀gá Ràṣídì kì í na ènìyàn. Ká ní wọ́n ń na ènìyàn ni, ara ì bá tù mí. Wọ́n á kàn wò ọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì láti lẹ wáyà. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ kí n máa fi fọ ẹnu ibi tí owó ń gbà wọlé, nítorí àwọn ọmọ Peckham máa ń fi ọwọ́ tó ní fínígà ẹja díndín ju owó sí i. Gbogbo ara mi ń rùn bí ẹja. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó inú ẹ̀rọ tí gbogbo wáyà ti ń pàdé, inú mi dùn, mo fi ẹ̀rọ hàn wọ́n, ẹ̀rọ ń kọrin, iná ń ṣẹ́jú.

Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Mùfú, kí lèyí?"

"Lẹ́ẹ̀dì ni, sà."

"Lẹ́ẹ̀dì àbí ikun imú?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà. Inú ló wà. Ta ló máa rí i?"

"Ọlọ́run," ni wọ́n wí, "àti ẹni tó máa tún un ṣe lẹ́yìn rẹ. Tú u."

Mo tú u. Mo tún un jó. Wọ́n ní kí n tún un tú. Oníbàárà wà níbẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ máa gbé ẹ̀rọ òun lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi ní kó lọ jẹun kó padà wá. Nígbà tó yá, oríkèé lẹ́ẹ̀dì tèmi ń dán bí ojú ẹyẹlé. Títí di òní, ẹ mú iṣẹ́ onímọ̀ kan wá kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ju ọwọ́ lọ.

Àjálù kan ṣoṣo ló bá wa tó kù díẹ̀ kó pa ilé iṣẹ́ náà. A dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, páìpù omi ńlá ti bẹ́ lójú títì, omi ti wọlé, gbogbo bọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ ti mu omi yó. Ọ̀gá mi tó máa ń fajú ro nítorí lẹ́ẹ̀dì tó wú díẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo omi. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Ni mo bá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Aunty Bísí, onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Aunty, ẹ gbà wá!"

"Kí ló dé? Ìmígíréṣọ̀n ni?"

"Omi ni!"

Aunty Bísí wò mí, wọ́n rí bọ́ọ̀dù tó ń kán tótó lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọjú sí àwọn tó jókòó sábẹ́ dráyà. "Ẹ dìde, ẹ̀yin obìnrin. A ní aláìsàn." Bí a ṣe fi omi tó mọ́ ṣan bọ́ọ̀dù wa nìyẹn, tí a tẹ́ wọn sórí tọ́wẹ́ẹ̀lì, tí a sì gbé wọn sórí àga sábẹ́ dráyà irun ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí ìdajì orí rẹ̀ ṣì wà ní títú. Ó ní, "Kí bọ́ọ̀dù yín tètè gbẹ o, ọ̀la ni wọ́n ń gbé mi!" Ọ̀gá mi ń rìn láàárín wọn bíi nọ́ọ̀sì, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan bóyá ó gbóná jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló yè. Ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́, ẹ mọ àwọn aládùúgbò yín kí ẹ tó mọ irinṣẹ́.

Ayé yí. Bọ́ọ̀dù kéré títí tí irin wa ò lè wọ àárín ẹsẹ̀ wọn mọ́. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí gbá gẹ́ẹ̀mù lórí fóònù, àwọn onílé oúnjẹ ń ti ẹ̀rọ wọn síta bí àga tó ṣẹ́. Ọ̀gá mi ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, wọ́n lọ sinmi. Èmi kọ̀. Mo ní n kò ní bá ẹ̀rọ kú. Mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Brockley, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń kọ porogíráàmù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Wọ́n rò pé n kò ní lè ṣe é nítorí òyìnbó mi. Ta ní sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà gbọ́ òyìnbó? Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ kò tó èyí tí ayékòótọ́ mọ̀. Ṣí i. Kọ ọ́. Tì í. Bó bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Láìpẹ́, èmi ni mò ń kọ gẹ́ẹ̀mù kéékèèké fún ilé àwọn ọ̀dọ́ àti ilé àwọn arúgbó, mo sì ń kọ ọ́ títí ojú mi fi kọ̀ fún mi.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa ni ibí yìí.

Lẹ́yìn tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ẹ̀gbà kọlu ọ̀gá mi. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó ń mú lẹ́ẹ̀dì dán bí ojú ẹyẹlé, ló kú tìẹ̀tìẹ̀ sórí itan wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́, ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rírọ̀ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n jù ú sábẹ́ àga. "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí?" Ìyàwó wọn, tí èmi ń pè ní Mummy, ń fi etí ìborùn nu ojú.

Mo lọ sílé. Mo mú ọ̀pá ìdarí kan lára ẹ̀rọ àtijọ́ tí mo fi pamọ́, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, mo wá so gbogbo rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Mo mú kí lẹ́tà tóbi gàdàgbà nítorí ojú mi, mo kọ gẹ́ẹ̀mù kan. Ọsàn ń já bọ́ láti òkè, apẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọ̀pá ni ẹ ó fi máa ti apẹ̀rẹ̀ kiri. Ọsàn kan, máàkì kan. Bí gẹ́ẹ̀mù bá parí, porogíráàmù á kọ máàkì náà sínú fáìlì. Bí ẹ bá tún tan ẹ̀rọ lọ́la, gbogbo máàkì àtẹ̀yìnwá á jáde sójú tẹlifíṣọ̀n, kí nọ́ọ̀sì àti Kúdí lè rí i bí ọwọ́ ṣe ń gbéra. Kúdí ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ó ń ṣe shift, kì í sábà sí nílé lọ́sàn-án.

Ọ̀gá mi wo ọ̀pá náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ká ọsàn.

Ọjọ́ kejì, Kúdí pè mí. "Uncle Mùfú, kò save o. Daddy ní àwọn gbá thirty-one, mo tan án, nothing. Ó blank."

"Kò lè blank. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Uncle, it's blank, I swear."

Mo lọ. Mo wá fáìlì náà, mo rí i níbi tí mo ní kó wà, ṣùgbọ́n òfìfo ni, bí ẹni tó kànlẹ̀kùn, tí a ṣílẹ̀kùn fún, tí kò wọlé. Mo gbé ẹ̀rọ lọ sílé, mo gbá a, mo jáde nínú gẹ́ẹ̀mù, mo wo fáìlì. Máàkì mi jókòó síbẹ̀ bí ọba. Mo gbé e padà fún wọn tìlù-tìfọn. Ọjọ́ kejì, òfìfo. Mo ní káàdì tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan ló ti gbó, mo ra tuntun. Òfìfo ni.

Kúdí fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kíṣìnì. "Uncle, ẹ má bínú. Ní ilé yín ó ń ṣiṣẹ́. Níbí kò ṣiṣẹ́. Maybe Daddy ò gbá a rárá. Maybe wọ́n kàn rò pé àwọn gbá a. Wọ́n ní stroke lè mú memory lọ. Mo fẹ́ kí dókítà test wọn."

"Mummy rí i pé wọ́n gbá a."

"Mummy máa ń sọ ohun tí Daddy bá sọ. You know Mummy."

Ó rò pé òun ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ilé wa ní ìlú yìí, ògiri rẹ̀ kì í pa àṣírí mọ́. Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, ọ̀gá mi ti fi ọwọ́ òsì ti ọ̀pá náà jìnnà.

"Gbé e lọ, Mùfú."

"Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù."

"Mo ní kí o gbé e lọ. Ẹ̀rọ tó ń pè mí ní òpùrọ́ lójú ọmọ mi. N kò gbá mọ́."

Ọwọ́ náà tún padà sórí itan. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé ẹ̀rọ yẹn jáde, ọwọ́ yẹn ò ní gbéra mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi tí ẹ̀yìn ń dùn. "Ọ̀gá, lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́la. Màá jókòó tì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

Wọ́n wò mí pẹ́. "Dìde, kápẹ́ẹ̀tì yẹn kò mọ́."

Ọjọ́ kejì mo jókòó. Ọ̀gá mi gbá a. Ọsàn ń já bọ́, ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n, apẹ̀rẹ̀ ń fà tẹ̀lé e. Mo fi ojú ara mi rí i pé wọ́n gbá a dáadáa. Gẹ́ẹ̀mù parí, máàkì jáde sójú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, fóònù Mummy pe ìrun alásárì. Mummy dìde nílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Bàbá Kúdí, ó ti tó àsìkò," wọ́n na ọwọ́ sí ògiri, wọ́n pa súwíìṣì. Kẹ́! Tẹlifíṣọ̀n kú. Kọ̀ǹpútà kú. Wọ́n fa wáyà méjèèjì yọ, wọ́n ká wọn jọ, wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo fò dìde. "Mummy! Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń pa á?"

"Báwo lẹ ṣe ń pa tiyín?" ni wọ́n wí. "A kì í kúrò nídìí iná láì pa á lára ògiri. Ní Mushin, ilé tó wà níwájú tiwa jó pátápátá nígbà tí wọ́n mú iná dé tí kò sí ẹni nílé. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ kírun, bí mo bá fẹ́ jáde, màá pa á."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé wa, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ta ni nínú wa tí kì í fa wáyà yọ? Ní ilé mi, ìyàwó mi ń pariwo torí owó iná, ṣùgbọ́n bí mo bá ń dán porogíráàmù wò, mo máa ń jáde nínú rẹ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà kọ nǹkan sínú fáìlì, kì í kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dà bí obìnrin tó ń já ewébẹ̀ sínú aṣọ tó tẹ́ sórí itan rẹ̀, tí kò tíì dà á sínú ìkòkò. Ìgbà tí a bá ti fáìlì ló máa ń dà á. Èmi sì kọ ọ́ pé ìgbà tí ẹni tó ń gbá gẹ́ẹ̀mù bá jáde ni kó ti fáìlì. Mummy kì í jẹ́ kó jáde. Wọ́n ń mú obìnrin yẹn dìde lójijì lójoojúmọ́, ewébẹ̀ ọ̀gá mi ń dà nù.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn, Mummy fọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé èmi ni? Èmi ni mò ń ba iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi jẹ́ láti ọjọ́ yìí?" Omi bọ́ lójú wọn.

"Rárá, Mummy. Ẹ̀rọ ni kò mọ ìwà yín."

Ọ̀gá mi gbójú sókè. "Ta ló kọ ẹ̀rọ náà?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ni kò mọ ìwà wa nìyẹn. Jókòó kí o tún un ṣe."

Lẹ́yìn ìrun, mo jókòó. Mo yí i padà: bí gẹ́ẹ̀mù kan bá ti parí báyìí, ṣí fáìlì, kọ máàkì, tì í kíá, má dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi gbá a lẹ́ẹ̀mejì, mo fa iná yọ fúnra mi, mo tún un tàn. Máàkì jáde! Mo na ọwọ́ sókè bí olóṣèlú tó wọlé.

"Mùfú," ni ọ̀gá mi wí, "ẹyọ kan? Èyí tí mo kọ́kọ́ gbá ńkọ́?"

Òótọ́ ni. Oríṣi ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣí fáìlì láti kọ nǹkan: ọ̀kan máa ń nu èyí tó wà níbẹ̀ nù kó tó kọ tuntun, èkejì máa ń kọ tuntun sábẹ́ èyí tó wà níbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń ṣí i, n kò fura. Mo yí i sí èkejì. Ọ̀gá mi tún gbá a, wọ́n tún gbá a, wọn ò rántí pé ó ti rẹ̀ wọ́n.

Àsìkò náà ni Kúdí wọlé láti ibi shift, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Mo ní kó jókòó. Mo kọjú sí Mummy.

"Mummy, ẹ wá pa á."

"Láéláé! N kò jẹ́ fọwọ́ kan án mọ́ láyé."

"Ẹ pa á bí ẹ ṣe máa ń pa á. Lára ògiri."

Wọ́n wo ọkọ wọn. Ọ̀gá mi fi orí dáhùn pé kí wọ́n pa á. Mummy na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan irin gbígbóná, wọ́n pa á, wọ́n fa wáyà yọ. A dúró díẹ̀, wọ́n tún un tàn. Máàkì ọ̀gá mi jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, gàdàgbà-gàdàgbà, èyí tó gbẹ̀yìn sì ju ti ìṣáájú lọ.

Kúdí kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ lórí ọ̀pá.

"Daddy, so ẹ ti ń gbá a láti ọjọ́ yẹn?"

"Mo sọ fún ẹ."

"Ẹ sọ fún mi," ló wí. Ó kúnlẹ̀ síwájú wọn, orókún méjèèjì, ọmọ tí a bí ní Peckham. "Ẹ má bínú sí mi, Daddy."

Ọ̀gá mi gbé ọwọ́ òsì lé ìborí tó wà lórí rẹ̀. Kúdí wá kọjú sí mi. "Uncle, àwọn tó ti sọnù ńkọ́? Ṣé ẹ lè rí wọn padà?"

"Wọ́n ti lọ, Kúdí. Kò sí ibi tí wọ́n wà."

"Thirty-one yẹn, èyí tí Daddy sọ fún mi tí mo ní mi ò rí. Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́ sí i. Ẹ fi í sí òkè gbogbo wọn."

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò fọwọ́ kọ máàkì fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ọmọ ti fi owó bẹ̀ mí, mo ti lé wọn. Ohun tí ẹ̀rọ kò bá rí, kò ṣẹlẹ̀, òfin mi nìyẹn. Mo wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ náà, mo ṣí fáìlì, mo gbé ìka lé bọ́tìnì.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni o," ni ọ̀gá mi wí lẹ́yìn mi. "Má fi ọsàn kan kún un."